Ọjọ́ tí Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Lọ Yẹ Ilé Báńkì Wò

Ọgọ́rin adìyẹ ni Ìyá Alábẹ̀wò kà lọ́jọ́ náà, ogójì péré ló sì wà nínú ọgbà. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìyá fúnra rẹ̀ máa ń ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní bí ènìyàn kò bá tètè fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ìwà òmùgọ̀ tó hù, àwọn aládùúgbò yóò bá a ròyìn rẹ̀, wọn yóò bu iyọ̀ sí i, wọn yóò sì bu ata sí i.

Ọlọ́sìn adìyẹ kan ló fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù abúlé wọn. Òfin ẹgbẹ́ náà kò sì gbà kí eépìnnì kúrò nínú àpótí láìjẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ méjì ti dé ilé ẹni tó fẹ́ yá a. Wọn yóò wo òrùlé rẹ̀, wọn yóò wo ibi iṣẹ́ rẹ̀, wọn yóò yọjú sí ẹ̀yìnkùlé, wọn yóò sì bi àwọn aládùúgbò léèrè bóyá ó máa ń san gbèsè. Iṣẹ́ yìí ni ìyá ti ń ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún, òun ló sì sọ ọ́ di Ìyá Alábẹ̀wò, tí ọ̀pọ̀ ò fi rántí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́.

Ó wọ ilé adìyẹ àkọ́kọ́, ó ka ogójì. Ọlọ́sìn ní, "Màmá, ẹ ò ní sinmi díẹ̀ kí ẹ tó ka ti ẹ̀yìnkùlé? Ẹ jẹ ẹyin sísè." Ẹyin mẹ́ta ni ìyá jẹ, ó sì fi tíì gbígbóná lé e lọ sí ikùn. Bó ti ń bó èèpo ẹyin ni àwọn ará ilé ń gbé adìyẹ gba ẹ̀yìn ògiri kọjá. Nígbà tó dé ilé kejì, ó tún ka ogójì. Àkùkọ olójú kan wà níbẹ̀ tó ti wò ó láwòtúnwò ní ilé àkọ́kọ́, ó tún wò ó níbí, bí ẹni ń sọ pé, "Màmá, a tún pàdé." Ìyá kí i. Àní ó kí i! Ó ní, "Àwọn adìyẹ yìí mà jọra wọn o, ìdílé kan náà ni wọ́n." Ó fọwọ́ sí ìwé.

Owó náà lọ bí omi inú agbọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn ni wọn kò ti jẹ́ kí ìyá rímú mí. Bó bá ń kọjá lọ, àgbàlagbà á dúró sí ojú ọ̀nà, á na ọwọ́ méjèèjì, á ní, "Màmá, ẹ kà mí wò, ẹyọ mélòó ni mo jẹ́?" Ìyá á dáhùn pé, "Ẹyọ kan ààbọ̀, ọpọlọ rẹ ni ò pé." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò jẹ, kò sì mu nílé ẹni tó fẹ́ yáwó mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí a máa sọ èyí ni lẹ́tà kan tó dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí ẹgbẹ́ ń ṣe ìpàdé. Kíláàsì kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé, orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n sì ń jókòó sí. Ìdí tó ti bí ọmọ mẹ́jọ kì í ṣe ti bẹ́ǹṣì kíláàsì kejì. Bí ìyá bá ti jókòó, ènìyàn méjì ló máa ń fà á dìde.

Alága ẹgbẹ́ jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Tíṣà ni gbogbo wọn sì ń pè é. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó ka lẹ́tà náà sókè. Báńkì kan tó wà ní ìlú, nítòsí ibùdókọ̀, ló kọ̀wé. Wọ́n ní bí ẹgbẹ́ bá lè kó owó rẹ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn, àwọn yóò yá ẹgbẹ́ ní owó ẹ̀rọ tí ń mú àgbàdo gbẹ, kí òjò tó dé.

Ariwo ayọ̀ sọ. Ta ni kò mọ ohun tí òjò ṣe fún wọn lọ́dún tó kọjá? Àgbàdo tí kò rí oòrùn hù nínú àpò, ó yọ ewé bí ẹni pé wọ́n gbìn ín sínú yàrá. Ìyá Alábẹ̀wò fúnra rẹ̀ da àpò mẹ́sàn-án nù. Síbẹ̀, òun ló nawọ́ sókè.

"Tíṣà, ọ̀rọ̀ kan rú mi lójú. Bí a bá kó owó wa fún báńkì, ta ló yá ta lówó?"

"Màmá, a ò yá ẹnikẹ́ni lówó. A kàn fi pamọ́ síbẹ̀ ni."

"Ẹ ní wọn á máa fún wa ní èlé lórí rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tíṣà mi, owó tó jókòó jẹ́ẹ́ kì í bímọ. Àpótí wa ti wà lábẹ́ ibùsùn akápò láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, mi ò gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun níbẹ̀ rí. Níbo ni èlé ti fẹ́ wá?"

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ìyẹn ni pé ó ń wá ìdáhùn.

"Ó dáa, wọ́n máa ń kó o fún ẹlòmíràn, kí onítọ̀hún fi ṣòwò."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ó yé mi wàyí. Báńkì fẹ́ yá owó wa ni. Ayáwó ni. Ayáwó tó wọ tai ni, ṣùgbọ́n ayáwó ni. Kí sì ni òfin wa wí nípa ayáwó?"

Ìyá kò bèèrè láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ń yọ ọ́ lẹ́nu ní tòótọ́. Ó ti ń gba iwájú àwọn báńkì kọjá láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè rí pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an.

Tíṣà ṣí ìwé òfin, ó wò ó, ó pa á dé. "Òfin ni òfin. Kí alábẹ̀wò méjì lọ wo ilé báńkì."

Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Màmá, ẹ má lọ ka báńkì méjì fún wa o!"

Ìyá rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, bẹ́ǹṣì sì ń ké lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Owó gbogbo wa ni èyí o, kì í ṣe ti adìyẹ. Sátidé tó ń bọ̀, ẹ ó dúró níwájú wa, ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ó bá tún wọ́, a ó fi iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíràn."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ìyá. Bí wọ́n bá gba ìwé àbẹ̀wò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù? Arúgbó kan tí orúnkún ń dùn, tó ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tó ń bi àwọn tó ń kọjá pé níbo ni wọ́n ń lọ. Kàkà kí ó rí bẹ́ẹ̀, ó sàn kí ó ka gbogbo bíríkì ilé báńkì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ Kékeré ni ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni, iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títún ṣe ló ń ṣe. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò nígbà tí wọ́n gbé ìyá wọlé, ẹ̀yìn ìyá ló sì sùn títí ó fi mọ̀ ọ́n rìn. Síbẹ̀, "ìyàwó" ló ń pè é, pẹ̀lú gbogbo ìtọ̀ tó ti tọ̀ sí i lẹ́yìn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló ń kọ ìwé, lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kì í sì í kúrò létí.

Ọjọ́ Túsìdeé ni wọ́n wọkọ̀ lọ sí ìlú. Ilẹ̀kùn báńkì jẹ́ irú èyí tí ń gba ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ń fi ohùn obìnrin sọ̀rọ̀. Ìyá wọ inú rẹ̀, ilẹ̀kùn ní kí ó padà sẹ́yìn, kí ó yọ ohun onírin. Ìyá yọ kọ́kọ́rọ́ ilé. Ó tún ní kó padà. Ìyá yọ ọ̀bẹ tó fi ń bó ọsàn, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ranjú. Ó yọ agolo áásáà, ó yọ píìnì mẹ́rin lára ìró. Ilẹ̀kùn tún ní kó padà.

"Ọmọ mi," ó pe ẹ̀ṣọ́, "sọ fún obìnrin tó wà nínú ògiri yẹn pé ìdí mi nìkan ló kù, ìyẹn ò sì ṣeé yọ."

Ẹ̀ṣọ́ fi ẹ̀rín ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ fún un.

Inú ilé tutù bí òwúrọ̀ ìgbà òtútù. Àga rọ̀ débi pé ìyá rò pé òun ti jìn sí kòtò. Ó gbójú sókè. Lórí àjà, ní igun ọ̀tún, àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú kan wà tó tóbi tó àwo.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ó sọ fún Ọkọ Kékeré. "Òrùlé ń jò."

Ọkọ Kékeré kọ ọ́.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì pè wọ́n. "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ ṣí àkáǹtì ni?"

"Rárá, ọmọ mi. A wá wo ilé."

"Ilé ta, mà?"

"Ilé yín. Wọ́n ní ẹ fẹ́ yáwó."

Ọmọbìnrin náà wo ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ wo Ọkọ Kékeré. Ọkọ Kékeré gbé ìwé sókè kí wọ́n lè rí i pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe eré. Wọ́n lọ pe mánẹ́jà.

Obìnrin ni mánẹ́jà, kò lè ju ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lọ. Ó wọ súwẹ́tà nítorí òtútù ilé ara rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ kan kúnlẹ̀ kí wọn. Nígbà tí wọ́n ti wọ ọ́fíìsì rẹ̀, tó sì ti gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá wá, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé tíì àti bísíkíìtì wá.

"Má ṣe wàhálà," ni ìyá wí. "Èmi kì í jẹun nílé ayáwó mọ́. Ọ̀fun mi ti tà mí lópò rí."

Ọkọ Kékeré, tó ti mú bísíkíìtì kan, rọra dá a padà sínú àwo.

Mánẹ́jà wo àwọn méjèèjì. Ẹ̀rín rọlẹ̀ lójú rẹ̀, nǹkan mìíràn sì rọ́pò rẹ̀. Ó jọ ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tó ti ń retí tipẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó. "Ó dáa, mà. Ohun tí ẹ máa ń bi gbogbo ayáwó ni kí ẹ bi mí."

"Àkọ́kọ́, jẹ́ ká rí ibi tí owó wà."

Mánẹ́jà mú wọn dé ẹnu ọ̀nà yàrá kan. Ilẹ̀kùn irin ibẹ̀ nípọn ju ògiri ilé ìyá lọ, ṣùgbọ́n yàrá fúnra rẹ̀ kò ju ilé adìyẹ lọ. Ìyá na ọrùn.

"Owó gbogbo àwọn tó ń tò síta yẹn, inú ibí nìkan ló wà?"

"Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni, mà. Èyí tí wọ́n lè wá gbà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí ni. Èyí tó kù ti wà lọ́wọ́ àwọn tó yá a."

"Bí gbogbo wọn bá wá lọ́jọ́ kan náà ńkọ́?"

"Kò ní tó." Mánẹ́jà kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "A ó ní láti ránṣẹ́ sí olú ilé iṣẹ́."

Ìyá fẹ́ràn ìdáhùn náà ju bí ó ṣe fi hàn lọ. Láàárín ọdún mọ́kàndínlógún, ayáwó tó bá ń lu àyà pé àpótí òun kún ni ó ti kọ́ láti máa sá fún. Àpótí ẹgbẹ́ tiwọn náà, bí o bá ṣí i ní ìgbà ìgbìn, aláǹtakùn lo máa bá níbẹ̀. Owó ti wà nínú ilẹ̀, lára ẹran ọ̀sìn, lórí òrùlé àwọn ènìyàn.

Wọ́n padà sí ọ́fíìsì. "Nínú ọgọ́rùn-ún tí àwọn ará abúlé àyíká wa kó wá síbí," ìyá bèèrè, "mélòó lẹ yá padà fún àwọn ará abúlé àyíká wa?"

Mánẹ́jà ṣí dúrọ́ọ̀, ó tún tì í. "Mẹ́rin."

"Mẹ́rìnlélógójì?"

"Mẹ́rin, mà."

Lẹ́ẹ̀dì Ọkọ Kékeré dúró lórí ìwé.

"Níbo ni mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún lọ?"

"Olú-ìlú. Àwọn tó ń kó ọkọ̀ wọlé, àwọn tó ń kọ́ ilé alájà mẹ́wàá. Àwọn yẹn ní ìwé ilẹ̀ tí a lè dì mú bí wọn ò bá san. Àgbẹ̀ ò ní."

"Àgbẹ̀ ò ní ilẹ̀? Kí ni wọ́n ń kọ ebè sí, orí ara wọn?"

"Wọ́n ní ilẹ̀, mà. Ìwé ni wọn ò ní."

Ìyá fọwọ́ lẹ́rán. Ó rí i lójú ara rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: gbogbo ìṣàn wẹ́wẹ́ inú oko ń sáré lọ kún odò ńlá, ọkọ̀ ojú omi ń gba orí rẹ̀ kọjá, ilẹ̀ tí ìṣàn ti ṣẹ̀ sì ń là pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó jalè. Ohun tó yà á lẹ́nu jù nìyẹn. Ó ti wá wo olè, ìṣirò ló bá.

"Nínú àwọn tó yá a lọ́wọ́ yín, mélòó ni kò san nínú ọgọ́rùn-ún?"

"Mẹ́ta." Mánẹ́jà rọ́ súwẹ́tà rẹ̀ sókè lápá. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

Ìyá wo àjà. Ọkọ Kékeré wú ikọ́, ó ṣí ìwé sẹ́yìn. "Mẹ́tàdínlógún."

"Ta ló bi ọ́?"

"Òun ni, ìyàwó. Ohun tó wà nínú ìwé ni mo kà."

"Kí lẹ máa ń ṣe fún àwọn tí kò san?" ni mánẹ́jà bèèrè. Kò fi ṣẹ̀sín. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

"A máa ń bínú sí wọn gan-an."

"Lẹ́yìn náà?"

"Lẹ́yìn náà, ọmọ wọn á lọ fẹ́ ọmọ wa, ìbínú á sì di ti àna." Ìyá mí kanlẹ̀. "Ẹni tó jẹ wá ní gbèsè jù ti di àna mi báyìí. Ọmọ-ọmọ kan náà la jọ ń pọ̀n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé bàbá àgbà ọmọ lọ sí kóòtù, kí n wá máa gbé ọmọ jó lórí ẹsẹ̀?"

Mánẹ́jà rẹ́rìn-ín títí ó fi bo ojú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tí báńkì wa bá kú lónìí, mà, ilé iṣẹ́ ìjọba kan wà tó máa san fún yín dé ìwọ̀n kan. Bí iná bá jó ilé akápò yín ńkọ́?"

Ìyá ní kí Ọkọ Kékeré kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé òfin.

Ó ku ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri báńkì, lábẹ́ agboòrùn ńlá, obìnrin kan jókòó ti ẹ̀rọ tí ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Òun náà ló ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ fọ́ọ̀mù. Ìyá ra báírò kan tí kò nílò lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá bi í irú aládùúgbò tí báńkì jẹ́.

"Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kówó síbẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Ọjọ́ tí mo bá bèèrè owó mi, ojú ẹsẹ̀ ni. Kò yẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yá mi? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀wé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi ẹ̀rín mú mi jáde. Ẹ̀rọ mi yìí, àjọ èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mo fi rà á."

"Mánẹ́jà yẹn ńkọ́?"

"Ó máa ń kí ènìyàn, ọmọlúàbí ni. Oṣù mẹ́jọ ló ti lò níbí. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́, mà. Bí mánẹ́jà bá ti ń mọ orúkọ wa báyìí ni wọ́n máa ń gbé e lọ ibòmíràn."

Nínú ọkọ̀ tó gbé wọn padà, Ọkọ Kékeré gbé ìwé lé orúnkún. "Ìyàwó, kí ni kí n kọ? Bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Má tíì kọ nǹkan kan."

Ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ dé, àgbàdo gbẹ, ṣùgbọ́n owó abúlé yóò gba ọ̀nà olú-ìlú lọ, òun yóò sì ti fọwọ́ sí i. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, òjò dé, àgbàdo hù nínú àpò, gbogbo ayé á sì ní arúgbó tó ka adìyẹ lẹ́ẹ̀mejì ló fa ebi yìí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Bó bá ń ro oko, á dúró, á bi ebè léèrè. Nígbà tó di àárọ̀ Jímọ̀, bó ti ń fún àgbàdo tútù lórí igi wò bóyá ó ti gbó, ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mìíràn: bí àlejò tí a kò mọ̀ rí bá wá yáwó, kí ni ẹgbẹ́ máa ń ṣe? Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó lọ bá Ọkọ Kékeré ní ìsọ̀ kẹ̀kẹ́. Ó ní kí ó fi fóònù rẹ̀ pe mánẹ́jà.

Wọ́n pẹ́ lórí fóònù náà. Ìyá ń pariwo sínú rẹ̀ bí ẹni tí odò là láàárín òun àti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Mánẹ́jà ní òun ní láti bi àwọn ọ̀gá òun. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó pè padà.

Ní ọjọ́ Sátidé, kíláàsì kún débi pé àwọn kan dúró sójú fèrèsé. Mánẹ́jà náà wá. Òfin ni pé kí ayáwó wá fara hàn, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, bàtà rẹ̀ pọ́n fún eruku. Wọ́n fa ìyá dìde.

"Báńkì kan ni mo kà," ni ìyá fi bẹ̀rẹ̀. "Mo tún padà kà á. Ọ̀kan náà ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó wá sọ ohun gbogbo tó rí, láti orí àjà tó ń jò dé orí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó dé ibi mẹ́rin, ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Kò fi mẹ́tàdínlógún tiwọn náà pamọ́, kò sì fi ọ̀rọ̀ iná àti ilé akápò pamọ́. Akápò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀.

Tíṣà ní, "Màmá, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Tíṣà, bí àlejò bá wá yáwó fún ìgbà àkọ́kọ́, ṣé gbogbo àpótí la máa ń dà fún un?"

"Rárá. Díẹ̀ la máa ń fún un, ká fi wò ó."

"Kí a fún báńkì ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó wa, ká fi wò ó. Wọ́n ti gbà pé ìyẹn tó fún wọn láti yá wa ní owó ẹ̀rọ àgbàdo. Ìdajì àdéhùn rèé. Mánẹ́jà, dìde, ọmọ mi, sọ ìdajì tó kù."

Bẹ́ǹṣì náà di mánẹ́jà náà mú. Ó di kí wọ́n fa òun náà dìde. Ó kí wọn, ó ní, "Ẹ̀yin òbí mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Mi ò lè sọ mẹ́rin di ogójì. Ṣùgbọ́n Màmá bi mí pé kí ni ìwé ilẹ̀ ń sọ fún wa tí ìwé àbẹ̀wò yín kò lè sọ. Mi ò rí ìdáhùn. Mo bi àwọn ọ̀gá mi, àwọn náà ò rí. Wọ́n ní ká dán an wò fún ìgbà ìkórè kan: àgbẹ̀ mẹ́wàá, láìsí ìwé ilẹ̀, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé alábẹ̀wò yín méjì ti dé ilé wọn, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i."

Tíṣà bèèrè pé, "Ìfọwọ́sí ta ni báńkì fẹ́ rí?"

"Ti Màmá yìí, àti ti bàbá tó ń kọ ìwé."

Ọkọ Kékeré fi lẹ́ẹ̀dì họ orí. Ìyá tún ìró rẹ̀ ró.

Tíṣà ní kí àwọn tó bá gbà nawọ́. Ọwọ́ yọ bí igi inú oko. Ọlọ́sìn adìyẹ, àna ìyá, na ọwọ́ méjèèjì, àwọn ènìyàn sì kígbe mọ́ ọn pé, "Ọ̀kan là ń kà o!" Ọ̀rọ̀ di òfin. Wọ́n ní kí mánẹ́jà fúnra rẹ̀ náà di ọmọ ẹgbẹ́, nítorí ẹgbẹ́ kì í yá ẹni tí kò jókòó láàárín wọn lówó. Ó san owó ìwọlé, akápò kọ káàdì fún un. Tíṣà wá yí sí ìyá, ó rẹ orí sílẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìwé àbẹ̀wò padà lé e lọ́wọ́.

Àwọn ènìyàn ń túká lọ. Ìyá dúró sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ó ń fi ọwọ́ ra ìdí rẹ̀ tó ti kú lórí bẹ́ǹṣì. Mánẹ́jà wá bá a níbẹ̀, ó di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, káàdì tuntun náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá," ó rọra sọ ọ́, "mo fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ìyá mi, báńkì wa kì í sì í yá òṣìṣẹ́ tí kò tíì pé ọdún méjì lówó. Ọjọ́ wo lẹ lè wá wo ilé wa?"